Pẹ̀lẹ́ Kì í Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, mo sì ti rò ó títí tí n kò fi lè dá nìkan rò ó mọ́. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà ni mo ṣe gbé e wá sí iwájú yín nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, kí a lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ènìyàn bá dúró tí ó ń wo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí kò sì ṣe ohun kan ju kí ó máa wí pé "pẹ̀lẹ́ o" lọ, ǹjẹ́ ẹni náà jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi? Kì í ṣe òun ni ó dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Kò jalè, kò purọ́, kò lu ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró ni. Ṣé a lè dá ènìyàn lẹ́bi nítorí pé ó dúró?

Bí ó bá ṣe pé inú ìwé ni mo ti rí ìbéèrè yìí, n kì bá tí fi da ẹnikẹ́ni láàmú. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo dúró.

Ìlú Àpá ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì mọ Abúlé Èdè Faransé tí ó wà ní Àjárá, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni a máa ń rán wa lọ kí etí wa lè là sí èdè náà láìjẹ́ pé a wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹ̀gùn, Àpá sì ni ilé ìyá rẹ̀ àgbà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí n bá òun lọ kí Màmá. Inú mi dùn láti lọ, nítorí pé Àpá kì í ṣe ìlú àná. Àwọn oníṣòwò orí omi ti mọ orúkọ rẹ̀ kí òkìkí Àgbádárìgì tó kàn, ó sì ní ọba tirẹ̀, Alápá, títí di òní olónìí. Àgbọn pọ̀ níbẹ̀ bí ọ̀pẹ ti pọ̀ ní òkè wa. Ìdí àgbọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jẹun: àwọn kan ń gùn ún, àwọn kan ń bó o, àwọn ìyá ń fi í ṣe òróró.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù, a rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi àdá bó àgbọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. A kò tíì rìn kọjá rẹ̀ tán tí àdá fi yọ̀, tí ó sì bà á ní ẹsẹ̀ òsì, lẹ́yìn, ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Kò kígbe. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Ẹ̀jẹ̀ náà kò rọra ṣàn. Ńṣe ni ó ń tú jáde, iyanrìn sì ń mu ún bí ó ti ń dé ilẹ̀.

Láìpẹ́, a ti tó ogún ènìyàn níbẹ̀. Ẹnì kan ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́ o!" Ẹlòmíràn ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ẹnì kan béèrè pé, "Ọmọ ta ni?" A dá a lóhùn pé àlejò ni, pé ó wá láti òdì kejì ẹnubodè láti ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Ẹnì kan ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, kí ọlọ́pàá má baà ní ẹ̀yin ni ẹ ṣe é." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ fóònù, ó ń ya àwòrán.

Èmi ńkọ́? Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo wà nínú ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa. Wọ́n kọ́ wa bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Mo yege nínú ìdánwò rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe. Mo tilẹ̀ rántí ojú ìwé tí àwòrán rẹ̀ wà. Síbẹ̀, mo dúró síbẹ̀, mo ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lẹ́." Mo rò pé ẹlòmíràn yóò ṣe é. Mo rò nípa ọlọ́pàá. Ẹ̀wù funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà wà lára ohun tí mo rò.

Ọkùnrin kan tí ó ń tún alùpùpù ṣe kò dúró bíi tèmi. Ó sáré wọlé, ó gbé ike kẹrosíìnì jáde, ó sì ti ń ṣí ìdérí rẹ̀ láti dà á sí ojú ọgbẹ́ náà. Àánú ni ó ṣe é. Ibẹ̀ ni Màmá ti dé. Ọjà ni ó ti ń bọ̀. Ó pariwo mọ́ ọkùnrin náà ní èdè Ẹ̀gùn, ó sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó gba ọ̀rá méjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí ó ń ta ẹja, ó ki ọwọ́ bọ̀ wọ́n. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà bí ẹni tí ń fi agbára po ìyẹ̀fun. Ó ní kí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọkùnrin yé pariwo, kí wọ́n wá ọkọ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rin gèlè náà gbingbin, kò ṣí i wò. Ó gbé ojú sókè, ó rí mi, ó sì na ọwọ́ kan sí mi. N kò mọ ohun tí ó ń béèrè. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá nígbà náà: "Bọ́ ọ wá."

Ẹ̀wù funfun náà ni. Mo bọ́ ọ. Ó kó o lé orí gèlè náà, ó fa ọwọ́ mi, ó gbé e lé e, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́. Má wò ó. Tẹ̀ ẹ́." Mo ń tẹ̀ ẹ́ títí tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá fi gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Àgbádárìgì. Wọ́n rán ẹsẹ̀ náà. Ọkùnrin náà yè.

Ẹ ò rí i pé ènìyàn mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn yìí yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbọgbẹ́. Ọ̀kan mọ̀, kò ṣe. Ọ̀kan kò mọ̀, ó fẹ́ ṣe. Ọ̀kan mọ̀, ó sì ṣe. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti èmi àti ọkùnrin oníkẹrosíìnì nìkan ni, ta ni ẹ óò yìn nínú wa? Ìwà tirẹ̀ dára ju tèmi lọ, nítorí pé òun kò ro ti ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró; ara ni ó ń bó, ó sì ń dá kún ìrora. Bí a bá fi ọkùnrin náà sílẹ̀ fún àwa méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ìbá ti tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwà ti le nìyẹn: ọkàn rere nìkan kò tó, ìmọ̀ nìkan kò sì tó.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé àwáwí tí a máa ń ṣe yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé gbogbo wọn ni ó kọjá lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà.

Àwáwí kìíní ni pé iṣẹ́ dókítà ni. Òótọ́ ni pé dókítà ni yóò rán ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá gé, ìṣẹ́jú 5 lè tó láti pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá wà ní Àpá, kí a tó rí ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó jáde sí títì, kí títì tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Àgbádárìgì, ìṣẹ́jú 5 ti kọjá lọ tipẹ́. Dókítà tí ó gbọ́n jù láyé kò lè rán ọgbẹ́ ẹni tí ó ti kú lọ́nà. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ dókítà ni láti wo ọgbẹ́ náà sàn. Iṣẹ́ ẹni tí ó wà nítòsí ni láti jẹ́ kí ẹni náà dé ọ̀dọ̀ dókítà láàyè. Iṣẹ́ kejì yìí kò ní ẹlòmíràn tí yóò ṣe é.

Àwáwí kejì ni pé a pọ̀ níbẹ̀, ẹlòmíràn yóò ṣe é. Ní ọdún 1968, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, John Darley àti Bibb Latané, tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ti dán irú èyí wò. Wọ́n fi àwọn ọmọ yunifásítì sínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ẹnì kan tí ó dà bí ẹni pé gìrì mú un. Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Nínú àwọn tí ó gbà pé àwọn nìkan ni àwọn ń gbọ́ ọ, 85 nínú 100 ni ó dìde wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tí ó gbà pé ènìyàn mẹ́rin mìíràn ń gbọ́ ọ, 31 péré nínú 100 ni. Wọn kò burú ju ara wọn lọ. Iye tí wọ́n rò pé àwọn jẹ́ ni ó yàtọ̀. Ewúrẹ́ tí gbogbo agbo ilé jọ ní, tí olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti fún ní èèpo, ebi ni yóò pa á. Ogún ènìyàn ni wá ní Àpá lọ́jọ́ náà, ogún pẹ̀lẹ́ ni a sì kí.

Àwáwí kẹta ni pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àwáwí yìí ni mo kà sí jù, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò mọ̀ náà kò ju ohun tí ènìyàn lè kọ́ ní ọ̀sán kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín, kí ẹni tí ó bá ka ìwé yìí má lè ṣe àwáwí náà mọ́.

Kí a kọ́kọ́ wò ó bí ewu kò bá sí níbẹ̀ fún àwa náà: ọkọ̀ tí ń sáré bọ̀, tàbí ẹni tí ó ṣì mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kí ẹnì kan pe ìrànlọ́wọ́. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà rẹ̀. Kí a ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá, nítorí pé àrùn lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣọ́ ara rẹ̀ kò ṣe àìláàánú. Kí a ya aṣọ tí ó bo ojú ọgbẹ́ kí a lè rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Lẹ́yìn náà, kí a fi aṣọ tí ó mọ́ lé e, kí a sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ gidigidi láìdẹ ọwọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó fẹ́ dì ni a ń bà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ kìíní bá rin, kí a fi òmíràn lé e lórí, kí a má sì dẹ́kun àti máa tẹ̀ ẹ́. Bí ọgbẹ́ náà bá jìn, tí ó sì wà ní apá, ní ẹsẹ̀, ní abíyá tàbí ní ìtan, kí a ki aṣọ bọ inú rẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í ki aṣọ bọ ọgbẹ́ àyà tàbí ti ikùn.

Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí títẹ̀ kò sì dá a dúró, nígbà náà ni a óò so ọ̀já fífẹ̀ sí òkè ojú ọgbẹ́, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, kí ó má ṣe wà lórí oríkèé. A óò fi igi kékeré lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Okùn tín-ín-rín tàbí wáyà kò dára fún un, nítorí pé yóò gé ẹran ara. Kí a kọ àkókò tí a so ó sílẹ̀, kí a má sì tú u. Dókítà ni yóò tú u. Bí ọ̀bẹ tàbí irin bá há sínú ara, kí a má fà á yọ: ó lè jẹ́ òun gan-an ni ó dí ojú ẹ̀jẹ̀. Kí a tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Kí a jẹ́ kí ẹni náà dùbúlẹ̀, kí a fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un, kí a má sì fún un ní omi tàbí oúnjẹ, nítorí pé wọ́n lè fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Kẹrosíìnì, pẹtiróòlù, eérú, iyanrìn, ọṣẹ ìfọyín, kò sí ọ̀kan tí ó yẹ kí ó kan ojú ọgbẹ́ nínú gbogbo wọn. Kódà fún ẹ̀jẹ̀ imú lásán, àṣìṣe ni a ń ṣe bí a bá gbé orí ọmọ sẹ́yìn, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun ni ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà wọlé; kí ọmọ náà tẹ orí síwájú, kí a fún ibi rírọ̀ imú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Ó tán. Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tí ó ju agbára Màmá lọ níbẹ̀. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà pé ta ni ó kọ́ ọ, ó ní ọkọ òun tí ó ti kú ń gun àgbọn, pé ẹni tí ó bá ń jẹun ní ìdí àdá, ó yẹ kí ó mọ ohun tí àdá lè ṣe. Mo rí i nígbà náà pé kì í ṣe ọjọ́ ìjàǹbá ni ojúṣe wa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé ọ̀nà Èkó sí Sẹ̀mẹ̀ ń ṣe ènìyàn léṣe, pé ọ̀bẹ wà nílé ìdáná, pé alùpùpù ń ṣubú? Ẹni tí ó ní àǹfààní àti kọ́ ohun yìí tí kò kọ́ ọ, ẹ̀bi tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dà.

Àwáwí kẹrin ni ti ọlọ́pàá. Ìbẹ̀rù yìí kò dédé wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ wa, bí ìbọn bá ba ènìyàn, ìwé ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń kọ́kọ́ béèrè, ẹni tí ó gbé e wá sì lè di ẹni tí a ń fura sí. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé kò gbọdọ̀ sí ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Òfin ọdún 2017 tí a ṣe nítorí àwọn tí ìbọn bà tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ilé ìwòsàn gba ẹni náà, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó wà o, kò sí o, kí ilé ìwòsàn fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2, àti pé kí olúkúlùkù ènìyàn ṣe gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí ó bá lè ṣe fún ẹni tí ìbọn bà. Òfin ti gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ọkàn wa ni ó ṣì dúró sí ibi tí ó wà.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin ìbọn ni mo ń sọ, pé ti àdá kọ́. Ó ní ìlànà òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà dá ẹni tí ó dúró lásán lẹ́bi, àfi bí ó bá jẹ́ òbí, tàbí olùtọ́jú, tàbí ẹni tí ó dá ewu náà sílẹ̀. Mo dá a lóhùn pé òfin Faransé kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá lè ran ẹni tí ó wà nínú ewu lọ́wọ́ láìfi ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn sínú ewu, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, ọ̀daràn ni. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 75,000 Yúrò. Òfin ilẹ̀ méjì, ìdájọ́ méjì. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òfin ni a óò ti rí ìdáhùn ìbéèrè wa.

Ọ̀rẹ́ mi wá gbé ìbéèrè kan dìde tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ní, "Bí dídúró lásán bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo wa ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan ń kú lọ́wọ́ ebi níbì kan bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ kò gbé oúnjẹ lọ fún un. Ṣé ìwọ ni o pa á?"

Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ohun tí mo rí nìyí. Ohun mẹ́rin ni ó pàdé ní Àpá lọ́jọ́ náà tí kì í sábà pàdé. Ọkùnrin náà wà ní iwájú mi gan-an. Ohun tí ó nílò kéré: ọwọ́ méjì àti aṣọ kan. Àkókò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo sì mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe. Ojúṣe wa sí gbogbo ayé dà bí gbèsè tí a ń san díẹ̀díẹ̀, tí a lè jíròrò lórí bí a óò ti san án. Ṣùgbọ́n níbi tí ohun mẹ́rin wọ̀nyí bá ti pàdé, kò sí ìjíròrò mọ́. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ ti yan ohun kan. Ó ti yàn pé kí ẹ̀jẹ̀ náà máa dà.

Àwáwí ìkẹyìn ni a kò sì sábà ń fi ẹnu sọ: "Ọmọ ta ni?" Àlejò ni ọkùnrin náà. Ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mo mọ òwe náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1859, ogun ńlá kan jà ní Solferino ní àríwá Ítálì. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Henry Dunant, ará Geneva, rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́ tí kò sí olùtọ́jú. Àwọn obìnrin ìlú Castiglione tí ó wà nítòsí ni ó jáde, wọ́n ń di ọgbẹ́ ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá láìbéèrè ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Dunant kọ ìwé lórí ohun tí ó rí ní ọdún 1862, láti inú èyí ni ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ti jáde ní ọdún 1863. Òfin ọdún 1960 ni ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni ti ará Samáríà inú ìhìnrere Lúùkù. Àwọn ọlọ́ṣà ni ó ṣá ọkùnrin náà lọ́gbẹ́, ṣùgbọ́n a kì í rántí wọn tó bí a ti ń rántí àlùfáà àti ọmọ Léfì tí ó kọjá lọ ní òdì kejì. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀bi wọn. Al-Kùránì náà sọ ọ́ nínú Súrà al-Máídah pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là. Àwọn baba wa tí kò ka ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì ń pè é ní ìwà ọmọlúàbí.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọ́ èdè. Mo ti máa ń fi "pẹ̀lẹ́" yangàn láàárín àwọn àjèjì. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Bí ènìyàn bá kọsẹ̀, tí o sì fi ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń tọrọ àforíjì kí i, yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ pé kí ni o fi ṣe òun. Àwa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ń wí pé: èmi kọ́ ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n mo rí i, ó sì dùn mí. Ọ̀rọ̀ rere ni, n kò sì ní yé sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ènìyàn lè fi í bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Pẹ̀lẹ́ ni ẹnu ọ̀nà àánú. Ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kò tíì wọlé. N kò rántí pé Màmá sọ ọ́ rárá lọ́jọ́ náà, títí ọkọ̀ fi dé. Ìgbà tí a gbé ọkùnrin náà wọnú kẹ̀kẹ́ ni ó fi ọwọ́ nu òógùn iwájú rẹ̀, tí ó sì bá a sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan ní èdè Ẹ̀gùn. Ọ̀rẹ́ mi ní bí "pẹ̀lẹ́" ni ọ̀rọ̀ náà rí.

Nítorí náà, ìdáhùn tèmi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọdé tí kò lóye, ẹni tí ó ń dákú bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ikú fẹ́ pa òun náà bí ó bá sún mọ́ ọn, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè ṣe é tí kò ṣe é jẹ̀bi. Kò jẹ̀bi ọgbẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dà kí n tó dé kò sí ní ọrùn mi. Èyí tí ó dà lẹ́yìn tí mo dé ni n óò dáhùn fún. Bí Màmá bá pẹ́ ní ọjà ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i lọ́jọ́ náà, n kò mọ ohun tí n kò bá máa kọ sínú ìwé yìí lónìí.

Wọ́n dá ẹ̀wù funfun náà padà fún mi nínú ọ̀rá ní ilé ìwòsàn. N kò fọ̀ ọ́ mọ́. Mo ra òmíràn ní ọjà Àgbádárìgì kí a tó padà sí Àjárá, owó rẹ̀ kò sì tó èyí tí mo fi jẹun ní ọ̀sẹ̀ náà.